Àgọ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́fà

Ìyàwó mi ní òun kì í ṣe ajá, òun kì í sì í ṣe ọmọ ọwọ́, nítorí náà òun kò ní rákòrò wọ ibì kankan lọ sùn. Bí mo bá fẹ́ kí òun bá mi lọ sétí odò nínú ọyẹ́, kí n lọ wá àgọ́ tí òun ti lè nàró kí òun sì ró aṣọ òun bí ọmọ ènìyàn. Bí irú rẹ̀ kò bá sí, kí èmi àti ọkọ̀ ojú omi mi máa bá ara wa sùn lọ.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Dádì," ó wí, ọ̀bẹ tó fi ń rẹ́ ilá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àgbàlagbà tó bá ń rákòrò wọlé, bí kò bá mutí yó, a jẹ́ pé olè ló wá jà."

Mo ní mo ti gbọ́. Inú mi tilẹ̀ dùn, torí pé láti ìgbà tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ nípa ọ̀rọ̀ odò yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ àgọ́ nìkan ló kù.

Nígbà náà, tẹlifóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn ká Kaduna ni, ènìyàn sì ṣì lè lọ sùn sétí odò láìjẹ́ pé ẹbí pe ìpàdé lé e lórí. Ungwan Boro ni à ń gbé. Àwọn ọmọ wa ti lọ tán, ilé sì dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ bí fíríìjì bá mí kanlẹ̀. Ọmọbìnrin wa tó wà ní Èkó ló pè lọ́jọ́ kan pé òun ti lóyún, pé kí ìyá òun máa bọ̀ ní kété tí ọdún tuntun bá ti wọlé, kó wá bá òun wẹ ọmọ. Kí n tó parí àdúrà tí mò ń gbà fún un lórí fóònù, ìyàwó mi ti gbé àpótí sílẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Òrí ti wọ inú rẹ̀, ọṣẹ dúdú ti wọ inú rẹ̀, aṣọ ọmọ tó ti ń kó pamọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà ti wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ àwọn ìyá tó lọ wẹ ọmọ ní Èkó láti inú ìjọ wa. Wọn a ní oṣù mélòó kan péré ni àwọn fẹ́ lò. Ọmọ náà á hu eyín, á rìn, á bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ìyá àgbà ṣì wà níbẹ̀, bàbá àgbà sì wà ní Kaduna níbí, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wọ̀nyí pè mí wọlé rí, ó ní kí n wá tọ́ ẹ̀bà tí òun tẹ̀ wò. Mo tọ́ ọ wò. Mo ronú nípa ayé mi títí mo fi délé.

Tèmi tún wá burú ju tiwọn lọ, nítorí pé ìyàwó mi kò fẹ́ràn Kaduna rí. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí i, ìgbéyàwó ló gbé e wá. Èmi ni wọ́n bí síbí. Ibí ni mo ti hu irùngbọ̀n, ibí náà ni mo ti hu ewú. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá dé, tí eruku bá bo tábìlì, tí ètè rẹ̀ bá là, á wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ránṣẹ́ pe ọyẹ́. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá wá dé Èkó, tí awọ ara rẹ̀ rọ̀, tí ètè rẹ̀ ń dán, tí ọmọ ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ló fẹ́ padà wá ṣe lọ́dọ̀ mi?

Mi ò sọ èyí fún un. Odò ni mo ronú kàn. Mo ní ọkọ̀ àjẹ̀ kan tí mo rà lọ́wọ́ àwọn apẹja, lọ́jọ́ Sátidé mo sì máa ń wà á lọ, mo máa ń wà á bọ̀ lórí odò Kaduna. Nínú ọyẹ́, omi á fà, á mọ́ kedere, àpáta àti iyanrìn á yọ síta, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn á wá máa rìn káàkiri níbẹ̀ bí àwọn tó ń wá ohun tó sọnù. Mo ní bí ìyàwó mi bá lè rí ibẹ̀ nígbà tó dára jù lọ, kó sùn mọ́jú níbẹ̀, kó rí bí kùrukùrù ṣe ń dìde lórí omi láàárọ̀, bóyá bó bá dé Èkó, ohun kan ní Kaduna á máa wù ú. Ìyẹn náà, mi ò sọ ọ́ fún un. Mo ní ká lọ gbádùn ara wa.

"Nínú òtútù?"

"Òtútù ibẹ̀ yàtọ̀."

"Òtútù wo ló yàtọ̀? Ṣé wọ́n fi ṣúgà sí i ni?"

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá àgọ́ náà ná.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì ìjọba. Ọmọ Ọ̀fà ni, ṣùgbọ́n Kaduna ni wọ́n bí òun náà sí, ó ti lọ sí Mẹ́kà, Alhájì sì ni gbogbo wa ń pè é. Ungwan Rimi ló ń gbé, níbi tí igi ti bo àwọn ilé mọ́lẹ̀, kò sì sí ohun tí ènìyàn fẹ́ rà láyé yìí tí Alhájì kò mọ èyí tó dára jù nínú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ ra abẹ́rẹ́, á ní kí o dúró de òun. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ àgọ́, ó di ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló gbé àgọ́ rọ́bà kan wá sílé wa, èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí i láti ìlú òyìnbó, tí kò tíì rí ohun tó fẹ́ fi ṣe.

"Ìyàwó wa," ó wí, "ẹ sún àga yín sẹ́yìn díẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣí."

Fúnra rẹ̀ ló ṣí lóòótọ́. Ó fò yọ láti inú àpò, ó nà tàntàn, ó sì gbá fọ́tò ìgbéyàwó wa bọ́ lára ògiri. Ìyàwó mi ṣa fọ́tò náà nílẹ̀, ó sì nu ojú rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n wọ inú rẹ̀ lọ. Mo rákòrò wọlé ní pálọ̀ ara mi. Alhájì fa síìpù rẹ̀ tì láti ìta kí a lè rí bí ẹ̀fọn kò ṣe ní ríbi wọlé, síìpù náà sì há. Ó fà á síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó ní "Bismillah", ó tún fà á. Kò ṣí.

Ìyàwó mi fa àga sún mọ́ ọn. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níta. "Dádì, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí."

"Ẹ nàró kí n rí i."

"Mo jókòó dáadáa."

"Ẹ nàró ni mo ní."

Mo bá gbìyànjú. Bí mo ṣe ń dìde ni àgọ́ náà ń bá mi dìde. Mo di àgọ́ tó ń rìn ní pálọ̀, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ, mo kọ lu tábìlì, mo kọ lu Alhájì. Alhájì rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú sórí kúṣìnì. Èémí mi ti di omi nínú rọ́bà náà, ó ń kán sí mi lórí. Nígbà tí wọ́n wá fi sísọ́ọ̀sì gé etí síìpù náà tí mo jáde, gbogbo ara mi ti tutù bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì bọmi.

"Eléyìí kọ́," ìyàwó mi wí.

Alhájì kò sọ ìrètí nù. Ó ní ká háyà kánópì, pé ó ga, pé ènìyàn lè fò sókè nínú rẹ̀ kí orí rẹ̀ má kan nǹkan kan. Ìyàwó mi bi í léèrè bóyá òkú ni a fẹ́ lọ sin sétí odò. Ó tún mú wa lọ wo àgọ́ ògbólógbòó kan tí wọ́n ní ó jẹ́ ti àwọn sójà, tí ẹnì kan ń tà nínú ọjà. Ìyẹn ga, ó sì nípọn, ṣùgbọ́n àwa mẹ́ta ni a jọ gbé etí rẹ̀ kan sókè. Ìtọ̀ eku ló ń rùn. Ìyàwó mi ki imú bọ inú rẹ̀, ó yọ ọ́ kíá, ó sì rìn padà lọ sínú mọ́tò. Èmi náà rò ó pé bí mo bá gbé àgọ́ yìí sínú ọkọ̀ àjẹ̀ mi, ìsàlẹ̀ odò ni a ó ti pàgọ́.

Ọ́fíìsì ni mo ti wá rí ohun tí mò ń wá, nínú ìwé ìròyìn aláwòrán kan tó ti gbó, tí wọ́n fi ń gbé nǹkan gbígbóná lé. Àwọn òyìnbó tó ń wa ọkọ̀ àjẹ̀ nígbà òtútù ló wà nínú rẹ̀. Àgọ́ wọn kò dà bí èyí tí mo ti ń rí. Kánfáàsì funfun ni, ó ní ògiri. Ògiri náà kọ́kọ́ lọ sókè gbọn-ọnran kí òrùlé tó bẹ̀rẹ̀ sí í dagun, bí ilé gan-an, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ sì dúró sínú rẹ̀ wọ́n ń mu tíì. Mo gbé ìwé náà délé lábẹ́ apá mi.

Ìyàwó mi wò ó pẹ́. Ó gbé e sún mọ́ iná, ó gbé e jìnnà. "Obìnrin yìí nàró," ó wí níkẹyìn.

"Àgọ́ ológiri ni wọ́n ń pè é," mo wí.

Ní alẹ́ náà ni mo gbọ́ tó ń bá ọmọ wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé bàbá rẹ̀ fẹ́ gbé òun lọ sùn sínú àgọ́ ológìrì. Mo pariwo láti yàrá pé ògiri ni, kì í ṣe ògìrì tí wọ́n fi ń sebẹ̀. Ó ní kò burú, pé bí èmi àti òun bá ti sùn nínú rẹ̀ láìwẹ̀, ọ̀kan náà ni méjèèjì á já sí.

Irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ní títà ní gbogbo Kaduna. Ó di dandan kí a rán an. A wá jókòó, a ń yàn án bí ẹni tó ń kọ́lé. Kánfáàsì ni, kì í ṣe rọ́bà, nítorí kánfáàsì máa ń mí, kò ní kán omi sí wa lórí. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó nípọn jù tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí tírélà, kí ọkọ̀ má baà rì. Ìyàwó mi fẹ́ fèrèsé kan ní ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò ti ń wá. Ó fẹ́ ìkọ́ tí á fi aṣọ rẹ̀ kọ́. Ó ní ilẹ̀kùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní síìpù, okùn ni kí wọ́n fi máa so ó. Nígbà tí ó kù bí ó ṣe máa ga tó, ó bọ́ bàtà, ó fẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀, ó ní kí n fi pẹ́ńsù fa ìlà sókè orí òun, kí n sì ro ti ìborùn mọ́ ọn. Ìyàwó mi ga. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, pẹ̀lú ìborùn.

"Ẹsẹ̀ mẹ́fà," ó wí. "Ẹ má jẹ́ kó dín."

Alhájì mọ télọ̀ tó yẹ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀yìn ibi tí àwọn tírélà máa ń dúró sí ni ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà wà, Hausa ni, àgbàlagbà ni, ìbòrí ọkọ̀ ló sì ń rán. Táyà kún ibẹ̀ débi pé orí ọ̀kan ni mo jókòó sí. Alhájì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo dá a dúró. Mo ní ilé mi ni à ń rán yìí, èmi ni màá sọ ọ́, àti pé Hausa tèmi kì í ṣe Hausa àná. Mo sọ gígùn rẹ̀ ní yáàdì. Mo sọ fífẹ̀ rẹ̀ ní yáàdì. Mo sọ fèrèsé, mo sọ ìkọ́, mo sọ okùn. Télọ̀ ń mi orí. Mo wá dé ibi tó ṣe pàtàkì jù.

"Ƙafa shida," mo wí, ìyẹn ẹsẹ̀ mẹ́fà.

Télọ̀ gbé ojú sókè. "Shida?"

"Shida."

"Ba huɗu ba?" Ó ń bi mí bóyá kì í ṣe mẹ́rin ni mo ní lọ́kàn.

Inú bí mi díẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ́ kánfáàsì mi jẹ ni. "Huɗu ya yi kaɗan," mo wí, mẹ́rin ti kéré jù. "Matata doguwa ce." Ìyàwó mi ga.

Ó wò mí, ó wo Alhájì, ó tún padà wò mí. Ó bi mí jẹ́jẹ́ bóyá nítorí pé ìyàwó mi ga ni mo ṣe fẹ́ ƙafa shida. Mo ní nítorí rẹ̀ gan-an ni.

"Ikon Allah," ó wí, ó sì ju okùn ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn ọrùn bí ẹni tí iṣẹ́ Ọlọ́run yà lẹ́nu.

Nígbà tí a máa gbà á, ó ti dì í sínú àpò, ó ti fi okùn dè é pinpin pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀. Kò sí àyè láti tú u láàárín àwọn táyà, ọyẹ́ sì ń gbé eruku káàkiri lọ́jọ́ náà débi pé a kò rí ojú ara wa. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn òpó náà kúrú. Mo sọ fún ara mi pé ó níláti jẹ́ pé wọ́n ń so wọ́n mọ́ra ni. Láti ibẹ̀ ni Alhájì ti wa mọ́tò rẹ̀ lọ gbé ìyàwó mi, tó sì gbé wa lọ sí etí odò. Ó ní òun á wá gbé wa lọ́la. Ó ṣe àdúrà fún wa gígùn ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Ìyàwó mi jókòó sí àárín ọkọ̀. Kóòtù mi ló wọ̀, ìbọ̀sẹ̀ méjì ló wọ̀ lé ara wọn, ìborùn ló wé mọ́ etí, ó gbé kúlà oúnjẹ lé itan, ó sì di àgọ́ náà mú bí ẹni tó bá ọmọ olójú kòkòrò wọ ọkọ̀. Mo ń wa àjẹ̀. Omi mọ́, ó dákẹ́, oòrùn rẹwà nínú eruku.

"Ṣé o rí àwọn ẹyẹ yẹn?" mo bi í.

"Dádì, omi yìí ti sún mọ́ ọwọ́ mi."

"Jẹ́ kó sún mọ́ ọ. Wo àwọn àpáta yẹn."

Kò wo àpáta kankan. Ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Mo tẹ́tí sí i, mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn tí a máa ń kọ níbi ìsìnkú ni. Mo wa àjẹ̀ kíá.

Ibi tí mo ti yàn sílẹ̀ ni a gúnlẹ̀ sí, iyanrìn ńlá kan tó yọ láàárín odò, funfun, tó mọ́ níní. Mo bá a sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó jókòó sórí kúlà, kó máa wòran, ilé rẹ̀ ń bọ̀. Mo tú okùn, mo na kánfáàsì sílẹ̀. Ó dára. Òórùn rẹ̀ dára, rírán rẹ̀ ṣe wẹ́kú, fèrèsé wà, ìkọ́ wà. Mo wá kó òpó sílẹ̀, mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń so mọ́ra. Kò sí. Òpó mẹ́fà ni, ìkọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀ lára kánfáàsì, mẹ́rin ní igun, méjì tó fi díẹ̀ gùn jù wọ́n lọ láàárín. Mo ki gbogbo wọn bọ̀ ọ́, mo rì wọ́n mọ́ iyanrìn, mo fa okùn, mo sì sún sẹ́yìn láti wo ohun tí mo ṣe.

Ògiri rẹ̀ dé ìdí mi. Ibi tí òrùlé rẹ̀ ga sí jù dé àyà mi.

Ìyàwó mi dìde lórí kúlà. Ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ó tún yí i ká, lọ́tẹ̀ yìí ó ń nàka sí àwọn òpó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Mo mọ̀ pé ó ń kà wọ́n.

"Ẹsẹ̀ mẹ́fà," ó wí. "Bí aáyán."

Ìgbà náà ni ó tó yé mi. Mo rántí ojú tí télọ̀ fi wò mí, mo rántí bó ṣe bi mí bóyá kì í ṣe mẹ́rin, bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún ọkùnrin náà pé ìyàwó mi ga, nítorí náà kí ilé rẹ̀ ní ẹsẹ̀ púpọ̀. Ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Gíga tó mọ̀ láti ọjọ́ tó ti ń rán ìbòrí ló rán.

"Kí lẹ sọ fún un gan-an?" ó bi mí.

"Mo ní ƙafa shida."

"Ẹ ò sọ pé *tsayi*?"

"Kí ni tsayi?"

"Gíga ni. 'Tsayin bango ƙafa shida', gíga ògiri ẹsẹ̀ mẹ́fà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá kàn ní ƙafa shida, ẹsẹ̀ náà ni á ṣe fún yín."

Ẹnu mi là sílẹ̀. Obìnrin yìí, tó máa ń ní kí n wá bá òun túmọ̀ bí òṣìṣẹ́ iná mànàmáná bá wá kan ilẹ̀kùn! "Níbo lo ti gbọ́ Hausa?"

"Àbí ẹ rò pé Ìjẹ̀bú ni mo fi ń ra tòmátò láti ọjọ́ yìí?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú un. Ó di ikùn mú, ó jókòó sórí iyanrìn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó ń pe aáyán, ó ń pe "matata doguwa ce" lẹ́yìn tí mo ti ṣe àṣìṣe sọ ìyẹn náà fún un. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti ń lọ, òtútù ti ń gun ẹsẹ̀ mi bọ̀, gbogbo ohun tí mo fẹ́ kó fẹ́ràn ní Kaduna sì ti di ilé aáyán. Mo ní kó jẹ́ ká máa di ẹrù, mo lè wà wá padà kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá.

"Padà lọ síbo? Ṣé pẹ̀lú omi tó ń lá mi lọ́wọ́ yẹn? Mi ò padà lọ síbì kankan lónìí." Ó nu ojú rẹ̀, ó tún wo àgọ́ náà bó ṣe máa ń wo ìkòkò tó bá fẹ́ jó mọ́ ọn lọ́wọ́. "Òrùlé kò ṣeé gbé sókè. Ṣé ilẹ̀ náà kò ṣeé gbé wálẹ̀ ni?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Mo fi àjẹ̀ gbẹ́ ẹ, òun fi abọ́ gààrí kó o dà síta. Inú àgọ́ ni mo wà, mo tẹ̀ kòlòbà, mò ń sọ iyanrìn sẹ́yìn bí òkété, òun wà lẹ́nu ọ̀nà ó ń pàṣẹ. Kí n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ yìí. Kí n má ṣe sún mọ́ òpó. Kí n gé àtẹ̀gùn sí ẹnu ọ̀nà, nítorí pé òun á rìn wọlé ni, òun kò ní já wọlé. Mo gé àtẹ̀gùn. A fi pákó ìjókòó ọkọ̀ tẹ́ ẹ kó má baà wó. A gbẹ́ ẹ títí ara mi fi gbóná tí mo bọ́ kóòtù nínú ọyẹ́, ilẹ̀ náà sì ń lọ ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó jìn tó ni omi yọ.

A gbàgbé pé àárín odò la wà. Ó rọra ń jáde lábẹ́ iyanrìn, kò pariwo. Mo ní ká dá a dúró níbẹ̀.

"Ẹ tún gbẹ́ díẹ̀ sí i," ó wí. "Ìborùn ló kù."

Mo tún gbẹ́ díẹ̀ sí i. Mo jáde síta, mo jókòó sórí òkìtì iyanrìn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi bọ́ ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì, ó gbé orí sókè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀. Orí rẹ̀ kan kánfáàsì fẹ́ẹ́, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tú ìró rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un ró dáadáa, ó fi etí rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́. Ó wá yíjú sí mi.

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Bóyá àárẹ̀ ni. Mo rí i nínú kòtò omi yẹn, nínú òtútù tó kórìíra, nínú kóòtù mi, kò bínú, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ tí ọmọ ti pè sì bọ́ lẹ́nu mi.

"Dúró," mo wí.

"Mo ti dúró. Kí lẹ rò pé mò ń ṣe?"

"Kì í ṣe ìdúró yẹn. Mo ní kí o dúró lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí o bá dé Èkó, o ò ní padà wá mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bà mí."

Kò wò mí, etí fèrèsé ló ń fi ọwọ́ pa.

"Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti pè ni mo ti ń di ẹrù níwájú yín," ó wí. "Ẹ ò bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Ẹ ò ní kí n má lọ. Kánfáàsì lẹ ń wá kiri. Mo ní, ó dáa, ọkùnrin yìí ti ń wá ilé tí á máa gbé bí mo bá lọ tán, ó kàn fẹ́ fi í hàn mí ni. Mo wá ní kó ga tó mi o. Ó kéré tán, kí ibì kan wà nínú rẹ̀ tó gba èmi náà."

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé odò fún un, kùrukùrù àti ẹyẹ. Ojú mi ti ṣomi, mo sì dúpẹ́ pé ilẹ̀ ti ń ṣú.

"Mo ṣì ń lọ o," ó wí. "Ọmọ mi ló fẹ́ bímọ."

"Mo mọ̀."

"Màá wẹ ọmọ náà, màá kọ́ ìyá rẹ̀, màá sì máa bọ̀ nílé mi." Ó wá wò mí wàyí. "Ṣùgbọ́n ẹ tún un sọ, èyí tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan."

Mo tún un sọ. Ó ní òun kò gbọ́. Mo tún un sọ. Omi ti fẹ́ dé orúnkún rẹ̀ kí n tó sọ ọ́ tó bó ṣe fẹ́.